Lílo Oògùn fún Àgbàlagbà tí Àrùn Ìgbàgbé ń Bá Jà: Ohun tó Yẹ kí Gbogbo Ilé Mọ̀

Ó ṣòro kí ẹ rìn yí àdúgbò kan ká ní Mọ́níyà, tàbí ní àwọn abúlé oko tó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kí ẹ má rí ilé tí bàbá tàbí ìyá àgbà wà tí iyè rẹ̀ ti ń rà. Ilé kan ń fi àdúà tọ́jú wọn. Ilé kejì ń ra oògùn oorun fún wọn ní kẹ́mísì. Ilé kẹta ti gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n sì ti gba oògùn bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Oògùn tí dókítà kọ lè ran irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá ṣì í lò, oògùn kan náà lè gbé e ṣubú, ó lè mú kí ọkàn rẹ̀ máa lù díẹ̀díẹ̀ jù, ó sì lè pa á. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sínú ilé, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀.

Kí ni àrùn ìgbàgbé?

Kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà tó ń gbàgbé nǹkan ni àrùn yìí ń ṣe. Ẹni tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó tún wá rántí nígbà tó yá, ọjọ́ orí ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́, ẹni tó kí ìrun Alásárì lẹ́ẹ̀mẹta tí kò mọ̀ pé òun ti kí i, ẹni tó ṣìnà láti ọjà dé ilé tó ti ń gbé láti ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá ọjọ́ orí. Àwọn baba wa máa ń sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣarán. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, bí ojú tàbí kíndìnrín ṣe máa ń ṣàìsàn. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ló ń ṣe é láti ilé.

Oríṣiríṣi ni àrùn náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ máa ń fà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lewy body tún wà, tó máa ń jẹ́ kí èèyàn rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, tí ara rẹ̀ á sì máa le. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí oògùn tó ran ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́ lè ṣe ẹni kẹta léṣe.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 èèyàn ni àrùn yìí ń bá jà káàkiri ayé, àti pé ohun tó ju ìdajì wọn lọ ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn fi hàn

Ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tí gbogbo ayé mọ̀ jù lórí àrùn yìí, ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, lára wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun tó ti dolóògbé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Baiyewu, bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n wọ ilé dé ilé ní Ìdíkàn, wọ́n ń yẹ iyè àwọn tó ti lé ní ọdún 65 wò. Wọ́n ṣe ohun kan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis.

Ní ọdún 2001 ni àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní JAMA. Nínú 1,000 àgbàlagbà Ìbàdàn tí iyè wọn pé, nǹkan bíi 13 sí 14 ni àrùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú lọ́dún kan. Ti àwọn ará Indianapolis ju 32 lọ. Inú wa dùn pé tiwa kéré, ṣùgbọ́n 13 nínú 1,000 lọ́dọọdún kì í ṣe òdo. Bí àwọn àgbàlagbà wa sì ṣe ń pẹ́ láyé sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí àrùn náà ń mú ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń dá kún ewu àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá kan náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rọrùn: oògùn àkọ́kọ́ tó ń dáàbò bo iyè ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò déédéé, láìdúró dìgbà tí orí bá ń fọ́ yín.

Kí ẹ tó ra oògùn kankan

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó fà á. Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n máa ń fara jọ àrùn ìgbàgbé, tí ìtọ́jú sì máa ń mú wọn kúrò pátápátá tàbí dín wọn kù. Lára wọn ni ibà, àrùn ojú ilé ìtọ̀, àìtó omi lára, ìgbẹ́ tó dì, àìtó fítámì B12, àìsàn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid, ìbànújẹ́ ọkàn tó pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú orí lẹ́yìn ìṣubú, àti etí tó ti di. Ìyá tí kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ kò lè dáhùn bó ṣe yẹ, ẹ ó sì rò pé iyè rẹ̀ ló rà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: àrùn ìgbàgbé máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀, fún oṣù àti ọdún. Bí bàbá tó pé lánàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan lónìí, àìsàn mìíràn ló dé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún àwọn tó wà ní agbègbè Mọ́níyà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Bí wọ́n bá rí i pé ó ju agbára wọn lọ, wọn á kọ ìwé fún yín lọ sí UCH. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà nínú ọgbà UCH, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ara àgbàlagbà ló wà níbẹ̀.

Oògùn mẹ́rin tí dókítà máa ń kọ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kó tó di pé owó jáde: kò sí oògùn kankan tó ń wo àrùn ìgbàgbé sàn pátápátá. Àwọn tó wà máa ń dín ìnira rẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹlòmíràn á túbọ̀ máa dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, á lè máa wọ aṣọ fúnra rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oògùn òun máa dá iyè padà láàárín ọjọ́ méje, owó yín ló ń wá.

*Donepezil.* Aricept ni orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, lọ́pọ̀ ìgbà ní alẹ́. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlígíráàmù 5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, dókítà lè sọ ọ́ di 10. Bí àlá burúkú bá ń dà á láàmú, ẹ sọ fún dókítà, ó lè ní kí ó máa lò ó láàárọ̀.

*Rivastigmine.* Exelon ni orúkọ rẹ̀ kejì. Kápúsù rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bíi pílásítà náà wà, ọ̀kan ṣoṣo lójúmọ́.

*Galantamine.* Òun náà máa ń bá oúnjẹ rìn. Ó jọ àwọn méjì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí náà a kì í lo méjì pọ̀ nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí.

*Memantine.* Ebixa tàbí Namenda ni wọ́n tún ń pè é. Àwọn tí àìsàn wọn ti le díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ fún. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlígíráàmù 5, wọ́n á sì máa fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi dé 20. Bí kíndìnrín aláìsàn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, dókítà máa dín in kù. Ó ṣeé lò pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, bí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré ni pé ara àgbàlagbà kì í tètè gba oògùn tuntun mọ́ra. Ẹ má ṣe fò ìpele kankan nítorí pé ẹ fẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́. Ẹ fún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí ẹ tó padà lọ bá dókítà sọ ohun tí ẹ rí.

Wàhálà tí àwọn oògùn wọ̀nyí lè fà

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń da inú rú: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, àìlèjẹun, títí ara á fi máa gbẹ. Ẹ máa wọn ìyá yín lóṣooṣù bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ìró àti bùbá rẹ̀ bá ti ń tú lára rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Wọ́n tún lè mú kí ọkàn máa lù díẹ̀díẹ̀ jù, tí òòyì á fi gbé èèyàn ṣubú. Ewu yìí pọ̀ sí i fún ẹni tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ọkàn bíi atenolol, propranolol tàbí digoxin. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà bí aláìsàn bá ní ikọ́ fée, ọgbẹ́ inú, gìrì, tàbí bó bá ti dákú rí. Ẹni tó ń lo ibuprofen tàbí diclofenac fún orúnkún tó ń dùn ún, kó sọ èyí náà, nítorí ọgbẹ́ inú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

Memantine lè fa òòyì, ẹ̀fọ́rí àti ìgbẹ́ dídì.

Ọ̀rọ̀ rivastigmine tí wọ́n ń lẹ̀ mára gba àkíyèsí púpọ̀. Ẹ yọ ti àná kí ẹ tó lẹ ti òní. Àwọn èèyàn ti kú ní ilẹ̀ òkèèrè nítorí pé àwọn tó ń tọ́jú wọn ń lẹ tuntun lé ara wọn láìyọ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ máa yí ibi tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ padà lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn tàbí iná gbóná mọ́ ibẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé láti lo oògùn lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe lo méjì lọ́jọ́ kejì. Bí rivastigmine bá ti já fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, bóyá nítorí owó tàbí ìrìn àjò, ẹ má kàn padà sí ìwọ̀n tó ga tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ pe dókítà, nítorí wọ́n á ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Oògùn tó ń mú kí ìgbàgbé le sí i

Ìsọ̀rí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé kò mọ̀. Àwọn oògùn kan wà tí a ń rà ní ìrọ̀rùn, tí wọ́n ń di iyè àgbàlagbà lójú, tí wọ́n sì ń ba iṣẹ́ donepezil jẹ́:

- Piriton, àti promethazine tí a mọ̀ sí Phenergan, tí a ń lò fún ara yíyún, kàtá tàbí oorun.
- Amitriptyline, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí ara ń ro tàbí tí kò rí oorun sùn.
- Benzhexol, tí a tún ń pè ní Artane.
- Oxybutynin, fún ẹni tó ń tọ̀ sára.
- Diazepam, ìyẹn Valium, àti bromazepam, ìyẹn Lexotan. Wọ́n ń gbé àgbàlagbà ṣubú, egungun ìbàdí á sì kán.
- Tramadol àti omi ikọ́ tó ní codeine nínú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ donepezil, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára. Wọn kò mọ̀ pé donepezil lè fà á. Wọ́n ra oògùn ìtọ̀. Oògùn ìtọ̀ di iyè rẹ̀ sí i. Wọ́n ní àìsàn náà ti le, wọ́n fi oògùn oorun kún un. Ó ṣubú lóru. Oògùn mẹ́ta, wàhálà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré ni dókítà kọ. Nítorí náà, nígbàkigbà tí àmì tuntun bá yọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé oògùn kan kọ́ ló fà á?

Oògùn tí wọ́n fi ń mú wọn dákẹ́

Bí àrùn náà bá ti jinlẹ̀, bàbá lè máa pariwo, kó máa fẹ̀sùn olè kan ìyàwó ọmọ, kó fẹ́ jáde lóru, kó tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Ó máa ń le jù ní ìrọ̀lẹ́. Ó sì máa ń rẹ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ dé egungun. Ìgbà yìí ni àwọn kan máa ń lọ wá haloperidol, risperidone, olanzapine tàbí quetiapine, tàbí kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì àdúgbò pé kó wá gún un ní abẹ́rẹ́ tí á mú un sùn.

Ẹ̀yin ará, ewu ńlá wà níbẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára irú oògùn yìí. Nínú ìwádìí tó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nǹkan bíi 45 ló kú nínú 1,000 àgbàlagbà aláìsàn ìgbàgbé tó lò ó, nígbà tí ó jẹ́ 26 nínú 1,000 láàárín àwọn tí kò lò ó. Ọkàn tó dáwọ́ dúró àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2008, wọ́n fi ìkìlọ̀ kan náà sára àwọn ti àtijọ́ bíi haloperidol. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee kọ fún ìjọba ní ọdún 2009 sọ pé nǹkan bí 180,000 aláìsàn ìgbàgbé ni wọ́n ń fún ní irú oògùn yìí lọ́dún, àti pé ó ń fa ikú bí 1,800 tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Fún ẹni tó ní irú ti Lewy body, ìwọ̀n kékeré haloperidol pàápàá lè sọ ara rẹ̀ di igi.

Èyí kò sọ pé dókítà kò lè kọ ọ́ láé. Bí aláìsàn bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, ó lè pọn dandan. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló kọ ọ́, kó jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síra, bóyá kí wọ́n dá a dúró. Kì í ṣe oògùn tí a ń rà lọ títí ayé.

Kó tó kan oògùn, ẹ wá ohun tó ń bí i nínú. Ṣé eyín ló ń dùn ún? Ṣé ìgbẹ́ ló dì? Ṣé ebi ni, àbí ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n? Ṣé iná kò sí, tí òjìji ara ògiri fi ń dẹ́rù bà á? Ẹ má bá a jiyàn. Bó bá ní òun fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun tó ti kú ní ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ ní kó sọ ìtàn ìyá náà fún yín. Ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀ lọ́sàn-án, kó lè rí oorun sùn lóru. Kéwú tí ẹ ń kà jẹ́jẹ́ létí rẹ̀ lè mú un balẹ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ láti kékeré máa ń pẹ́ nínú wọn kó tó lọ.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú oògùn nínú ilé

1. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un ní oògùn. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń ṣe é, ọ̀kan á rò pé èkejì ti fún un, tàbí kí àwọn méjèèjì fún un.
2. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹni tó gbàgbé pé òun ti jẹun á gbàgbé pé òun ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Bó bá tún lo glibenclamide lẹ́ẹ̀kejì, ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tó máa dákú, tí kò sì ní jí.
3. Ẹ kọ gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ìwé kan: orúkọ, ìwọ̀n, àkókò, ohun tó wà fún. "Funfun kékeré yẹn" kì í ṣe orúkọ oògùn.
4. Ẹ máa sàmì sí ìwé náà gbàrà tó bá ti gbé e mì, kì í ṣe kó tó gbé e mì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀.
5. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ tú kápúsù rẹ̀ sínú ẹ̀kọ láìbi apòògùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, oògùn ọjọ́ kan á wọra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
6. Ẹ má fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ kí dókítà mọ̀.
7. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù, ẹ kó gbogbo oògùn sínú àpò kan, títí kan àgbo.

Ibi tí ẹ ti ń rà á, àti èyí tó ti òkè òkun wá

Àwọn oògùn wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí kẹ́mísì kékeré àdúgbò láṣẹ láti tà. Ilé oògùn tí apòògùn tó gboyè wà ni kí ẹ ti rà wọ́n, pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́. Òfin kò fàyè gba àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n po oògùn pọ̀ sínú bébà fún yín. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tí à ń ha sára páálí àwọn oògùn kan. Bó bá wà lára tiyín, ẹ ha á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston náà máa ń fi oògùn ránṣẹ́, Ọlọ́hun á san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àṣìṣe kan ti máa ń wọlé. Ìyá ń lo donepezil tí UCH kọ, ọmọ sì fi Aricept ránṣẹ́. Ilé rò pé oògùn méjì ni, wọ́n ń fún un ní méjèèjì. Oògùn kan náà ni! Kí ọmọ tó rà á, kó ya fọ́tò ìwé oògùn tó wà nílé, kó fi hàn apòògùn.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa àwọn oògùn tuntun tí wọ́n ń fà sí iṣan, bíi lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pátápátá ní ọdún 2023. Àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn nìkan ló wà fún. Ó lè mú ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán ọpọlọ léraléra. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ nínú báàgì.

Àdúà, hàntú àti àgbo

Ànọ́bì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ìjọ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa wá ìwòsàn. Àdúà kò bá oògùn jà, ẹ má sì torí ọ̀kan pa èkejì tì. Bí ẹ bá ń ṣe hàntú, kí omi rẹ̀ mọ́, kí tàdáwà rẹ̀ má jẹ́ yíǹkì inú bírò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so àgbàlagbà mọ́lẹ̀ tàbí kó nà án pé òun ń lé àlùjánnú jáde.

Ní ti àgbo, ewé tó ń tú ẹ̀jẹ̀ rírú sílẹ̀ tàbí tó ń yàgbẹ́ lè mú oògùn dókítà lágbára jù tàbí kó sọ ọ́ di òfo. Ginkgo tí wọ́n ń polówó fún iyè lè fa ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó ń lo aspirin tàbí warfarin. Ẹ sọ ohun gbogbo fún dókítà. Kò ní bínú.

Bí àwẹ̀ bá dé

Ẹni tí iyè rẹ̀ ti lọ, tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, òfin àwẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ogbó tàbí àìsàn tí kò ní lọ kò jẹ́ kó lè gbà á, bíbọ́ mẹ̀kúnnù ló kàn án gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Súrátù Bakara. Ẹ bi Ààfáà yín léèrè ibi tí ti yín wà.

Bí dókítà bá gbà pé ó lè gbàwẹ̀, donepezil kò ní wàhálà, alẹ́ ni. Kápúsù rivastigmine lè bọ́ sí ìṣínu àti sààrì, nítorí pẹ̀lú oúnjẹ ni. Ní ti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mára, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ Fíkíhì tó jókòó ní Jeddah ní ọdún 1997 sọ pé oògùn tó ń gba awọ ara wọlé kì í ba àwẹ̀ jẹ́. Ẹ má yí àkókò oògùn kankan padà kí ẹ tó bi dókítà.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ sáré

Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́ bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- ó dákú, tàbí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀ jù;
- ó ń bì léraléra, tàbí ó ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà;
- oorun ń gbé e lọ tí kò ṣeé jí;
- ara rẹ̀ le, ó gbóná, ó sì ń làágùn;
- ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ọwọ́ kan kò ṣeé gbé;
- ó ṣubú, ó sì fi orí gbá ilẹ̀;
- ó lo oògùn ju ìwọ̀n lọ. Ẹ mú páálí oògùn náà dání.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi dókítà

Kí ni orúkọ oògùn yìí? Irú àrùn ìgbàgbé wo ni ẹ rí? Kí ni kí a retí, ìgbà wo sì ni? Ṣé ó bá àwọn oògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ mu? Èwo la lè dá dúró nínú wọn? Ìgbà wo ni a máa padà wá? Bí owó rẹ̀ bá ju agbára wa lọ, èwo ló tún wà? Ẹ má tijú béèrè èyí tó gbẹ̀yìn. Ó sàn kí ẹ sọ ọ́ ju kí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ fò ọjọ́ méjì.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Lọ́pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ló ń dá a ṣe lọ́sàn-án lóru. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ síbi oògùn oorun. Kí àwọn yòókù gba ọjọ́ méjì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi fi owó ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ ránṣẹ́. Súrátù Isirái pa á láṣẹ fún wa pé bí òbí wa bá dàgbà lọ́dọ̀ wa, kí a má fi ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kàn wọ́n. Ìtọ́jú oògùn wọn pẹ̀lú sùúrù wà lára àṣẹ náà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa ní àlàáfíà, kó sì fún wa ní agbára láti tọ́jú wọn dópin. Àmín.